Ìkòkò Tí Kò Ní Ẹran: Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Tọ́nìpù, Ọ̀dùnkún àti Àwọn Ẹgbẹ́ Wọn

Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé kí n tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ n kò ronú rẹ̀ rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó gbé àwo oúnjẹ síwájú ọmọ àbúrò mi, tí ọmọ náà yóò sì máa wo àwo ọ̀hún bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Láti Ìlú Ọba ni ó ti wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ó sì fẹ́ lò lọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin nítorí iṣẹ́ ìwádìí kan tí ó ń ṣe. Mo ti pinnu pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú kò gbọdọ̀ dé ilé mi kí ebi pa á. Àmàlà ni mo rò, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, mo fi ògúnfe àti pọ̀ǹmọ́ lé e lórí, mo sì tún din wàrà sí abọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá dé Ìlọrin tí kò jẹ wàrà, lójú tèmi, onítọ̀hún kò tí ì dé.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Èmi kì í jẹ ẹran." Mo ní kò burú, kí ó mú ẹran kúrò, kí ó jẹ wàrà. Ó ní òun kì í jẹ wàrà náà, nítorí láti ara màlúù ni wọ́n ti fún mílíìkì rẹ̀. Ẹja ńkọ́? Rárá. Ẹyin? Rárá. Oyin ìgàn pàápàá? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè pẹ̀lú ìtìjú bóyá mo fi edé sínú gbẹ̀gìrì. Mo ti fi í sí i. Àmàlà àti ewédú nìkan ni ó jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì wọlé lọ sùn pẹ̀lú ọkàn tó wúwo.

Vegan ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọdún 1944 ni àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n lè ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kì í jẹ ẹran ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mu mílíìkì tí wọ́n sì ń jẹ ẹyin. Èmi kàn sọ fún àwọn ará ilé pé ọmọ wa kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko, ẹyẹ, ẹja tàbí kòkòrò wá. Ìyá tó máa ń bá mi fọ aṣọ béèrè bóyá èèwọ̀ ìdílé ìyá rẹ̀ ni. N kò rí ìdáhùn tó yá ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo rò pé oúnjẹ tí kò ní ẹran kò ju oúnjẹ ẹlẹ́ran tí a yọ ẹran inú rẹ̀ kúrò lọ. Ní ọjọ́ kejì, mo se àsáró gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sè é, pẹ̀lú iṣu, epo pupa, ata àti àlùbọ́sà, àfi pé n kò fi ẹja gbígbẹ, edé àti mágí adìyẹ sí i. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo tọ́ ọ wò mọ̀ pé iṣu inú omi ata ni mo gbé fún un. Ó kàn ń ta lẹ́nu lásán ni, kò dùn dé ọ̀fun. Ìgbà tí mo jókòó tí mo rò ó ni mo rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹja àti ẹran máa ń ṣe nínú ìkòkò wa tí a kì í fura sí: wọ́n ń mú iyọ̀ wá, wọ́n ń mú ọ̀rá wá, wọ́n sì ń mú adùn kan wá tí kì í ṣe ti iyọ̀ tàbí ti ṣúgà, tí kò kan, tí kò sì korò. Adùn karùn-ún yìí ni Kikunae Ikeda, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, wá ìdí rẹ̀ rí ní ọdún 1908 nínú omi ewéko òkun tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ nílẹ̀ wọn, tí ó sì sọ ọ́ ní umami. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé irú tó ń rùn nínú ike lábẹ́ tábìlì ìdáná mi, adùn kan náà ni ó gbé sínú.

Obìnrin tó ń ta irú fún mi ní Ọjà Ọba ni ó la ọ̀nà náà fún mi. Mo sọ fún un pé ọbẹ̀ mi ti ń té láti ìgbà tí n kò ti fi ẹran sí i mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Àlàájà, ìgbà wo lẹ máa ń da irú sí i?" Mo ní nígbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná ni. Ó ní ìyẹn tọ́ fún ẹni tó ní ẹran nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹran gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irú àti epo kọ́kọ́ pàdé kí ata tó dé bá wọn. Láti ọjọ́ náà, n ó gbé epo kaná, n ó da àlùbọ́sà tí mo gé wẹ́wẹ́ sí i, n ó sì jẹ́ kí ó pọ́n, kì í ṣe kí ó kàn rọ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó da irú wooro tí mo ti ṣàn dáadáa sí i, n ó máa rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ata tó wọlé. Bí òórùn yẹn bá ti gba ilé, ará ilé kejì á béèrè irú ẹran tí mo ń dín. Fún ọ̀rá, mo máa ń lọ ẹ̀pà yíyan tàbí ẹ̀gúsí sí i, bí mo bá sì rí olú gbígbẹ rà, n ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, n ó sì fi omi rẹ̀ se oúnjẹ náà, nítorí adùn olú ń bọ́ sínú omi yẹn.

Tọ́nìpù ni ó wá fi ojú mi gbolẹ̀. Mo lọ ra ata ní Ìpàtà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì kọjá. Nínú agbọ̀n ọ̀kan nínú wọn ni mo ti rí ohun roboto kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun tí orí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Mo rò pé bíítírúùtù tí oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà ni. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní ó bá ẹrù kárọ́ọ̀tì dé láti Òkè Ọya ni, òun kò mọ orúkọ rẹ̀, àwọn Kòráà ni ó sábà máa ń rà á. Mo ra mẹ́fà ní iye tí ì bá ra iṣu gidi kan. Bí mo ti tú u sílẹ̀ nílé ni ọmọ àbúrò mi pariwo pé, "Mọ̀mọ́, tọ́nìpù nìyí! Níbo lẹ ti rí i?" Ó ní òun máa ń sè é lọ́dọ̀ òun nígbà òtútù, ó sì fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é. Mo ní kí ó jókòó. Ẹni tó ti gún iyán láti ìgbà ọmọge, kí ni ohun tí kò ju ìkúùkù lọ yóò fi ṣe é?

Mo bẹ ẹ́ bí mo ṣe ń bẹ iṣu, mo gé e ní ńlá ńlá, mo bu omi kún un, mo dé ìkòkò, mo sì fi í sílẹ̀ lórí iná fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Kò pẹ́ tí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ẹni pé ẹyin tó ti bàjẹ́ àti kábéèjì tó pẹ́ lórí iná jọ wà nínú ìkòkò kan. Ọmọ ilé kejì dì mú imú rẹ̀ kọjá lójú fèrèsé mi. Bí mo ti ṣí i, ó rọ̀, mo sì sọ fún ara mi pé ohun tó bá rọ̀ ṣeé gún. Mo da á sínú odó. Ọmọrí odó kò tí ì kàn án lẹ́ẹ̀kẹta tí omi fi ta sí mi lójú, ohun tó kù nísàlẹ̀ odó kò sì yàtọ̀ sí ògì tí kò dì. N kò lè purọ́, ọmọ náà rẹ́rìn-ín débi tí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín nígbà tí mo nu ojú mi tán.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni mo ṣe kẹ́yìn: mo ṣí ìwé. Nínú gíráàmù 100 iṣu tútù, nǹkan bí 70 ni omi, nǹkan bí 28 sì ni oúnjẹ afúnnilágbára, tí ó jẹ́ pé sítáàṣì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, sítáàṣì yìí ni ó sì ń mú iyán fà. Nínú gíráàmù 100 tọ́nìpù, omi nìkan tó 92, oúnjẹ afúnnilágbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 6 lọ. Omi ni mo ń gún. Èkejì ni pé tọ́nìpù kì í ṣe ìbátan iṣu tàbí pòtétò rárá, ìdílé kábéèjì àti músítádì ni ó ti wá, ìdílé yìí sì ní èròjà kan tó ní imí-ọjọ́ nínú, tó ń fún wọn ní kíkorò díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń le sí i bí a bá ṣe ń pẹ́ sí i lórí iná, pàápàá bí a bá dé ìkòkò pa. Gbogbo ohun tó dára fún iṣu ni mo ṣe fún un, gbogbo rẹ̀ ni ó sì burú fún un.

Ẹ̀ẹ̀kejì, èmi àti ọmọ náà jọ wọ ilé ìdáná ni. Mo ti padà lọ sí Ìpàtà, mo ṣa àwọn kéékèèké tó wúwo lọ́wọ́, nítorí àwọn ńlá máa ń ní okùn nínú, wọ́n sì máa ń korò jù. Ó fi hàn mí pé bí a bá gé tọ́nìpù sí méjì ní ìbú, a ó rí ìlà kan tó yí i ká nítòsí èèpo, pé inú ìlà yẹn ni kí ọ̀bẹ gbà, nítorí okùn àti kíkorò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. A gé e bí ìka ọwọ́, a dà á sínú omi oníyọ̀ tó ti ń hó yàà, a kò dé e, a sì yọ ọ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó pé. A jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ nínú ajọ̀, lẹ́yìn náà ni a dà á sínú òróró ẹ̀pà díẹ̀ tó gbóná gan-an, a kò rò ó títí etí rẹ̀ fi pọ́n. Níbi tí ó ti pọ́n yẹn ni adùn rẹ̀ wà. Mo ti se ọbẹ̀ ẹ̀pà sílẹ̀ pẹ̀lú irú, ata ilẹ̀, ááyù àti ata rodo kan ṣoṣo, a da tọ́nìpù àti kárọ́ọ̀tì sí i, a sì fi jẹ ìrẹsì. Ó dùn, ó sì ń ta díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n lọ́nà tí kì í ṣe ti ata. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí èyí tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀, mo máa ń sọ fún ọmọkùnrin ọlọ́jà yẹn pé kí ó má ya ewé náà dànù fún ewúrẹ́, nítorí pé bí a bá bọ̀ ọ́, tí a sì fi ẹ̀gúsí sè é, kò kéré sí ẹ̀fọ́ kankan tí mo mọ̀.

Bíítírúùtù kò pọ̀ lọ́rọ̀. Kí a sè é pẹ̀lú èèpo àti ìrù rẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa dà sínú omi, kí a sì bó o nígbà tó bá tutù. Ohun tí n kò rí ẹni sọ fún mi ni pé ó lè sọ ìtọ̀ ènìyàn di pupa lọ́jọ́ kejì. Mo ti wọ hìjáábù mi láti lọ sí ilé ìwòsàn kí ọmọ àbúrò mi tó rántí ohun tí a jẹ lálẹ́.

Ní ti ọ̀dùnkún, ọmọ Ọ̀fà ni mí, ẹni tó bá sì bi ọmọ Ọ̀fà ní ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún, kí onítọ̀hún fa àga. Ànàmọ́ ni a ń pè é nílé wa, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní kúkúndùkú. Pòtétò tó ń ti Jọ́ọ̀sì wá kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ìdílé tòmátì àti ikàn ni pòtétò ti wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí rélùwéè bá dúró ní Ọ̀fà, àwọn obìnrin a sáré gbé àtẹ ànàmọ́ bíbọ̀ lọ sí ojú fèrèsé àwọn èrò, ìyá wa sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá wa ń tà kọ́ ni àwa ọmọ máa ń jà lé lórí. Èyí tí ìyá ìyá wa máa ń ri mọ́ inú eérú gbígbóná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáná alẹ́ tán ni. A ó fi í síbẹ̀ títí a ó fi gbàgbé rẹ̀, bí a bá sì wá fà á yọ, omi rẹ̀ á ti máa yọ̀ bí oyin lára èèpo.

Mo rò pé ìfẹ́ ìyá àgbà ni ó ń mú un dùn. Ọmọ àbúrò mi ni ó sọ ohun tó wà ńbẹ̀ fún mi: nínú ọ̀dùnkún ni èròjà kan wà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, èròjà yìí kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ọ̀dùnkún bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 sí 75 ní sẹ́ńtígíréèdì, bí iná bá sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ó ti kú. Omi tó ń hó ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, eérú ń lọ́ra gbà á. A dán an wò pẹ̀lú mẹ́ta láti inú òkìtì kan náà. A bọ ọ̀kan, a dín ọ̀kan, a sì fi ọ̀kan sínú ààrò gáàsì lórí iná kékeré fún ohun tó lé ní wákàtí kan. A kò nílò ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi èyí tí a sun bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀wà tí a fi epo pupa àti àlùbọ́sà dídín sè, n kò sì fi ṣúgà sí ẹ̀wà mọ́. Ó ku ìkìlọ̀ kan nípa ìpamọ́ rẹ̀: kí a má fọ̀ ọ́ kí a tó kó o pamọ́, kí a má sì gbé e sínú fíríìjì, nítorí òtútù máa ń mú inú rẹ̀ le débi tí kò ní rọ̀ mọ́ bó ti wù kí a sè é tó. Pòtétò ní tirẹ̀ kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, oró ti wà nínú rẹ̀, mo máa ń jù ú nù ni, ìyàwó ọmọ mi sì máa ń sọ pé ahun ni mí nínú ohun gbogbo àyàfi ìyẹn.

Ààwẹ̀ wọlé bá wa ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kókò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìṣínu mi jẹ́. Mo ti pẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ náà, mo sì se àsáró kókò pẹ̀lú ìkánjú. Bí ọ̀bẹ ti gún un wọlé ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. A fi omi àti dàbínù ṣínu, a kírun, a bu àsáró, kí ó sì tó di ìbùkẹ́rin ni gbogbo ilé ti ń hú, tí wọ́n ń di ọ̀fun mú. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ni ó wà lára kókò, òun ni ó ń gún ni lọ́fun, òun náà ni ó ń yún ni lọ́wọ́ bí a bá ń bẹ ẹ́. Kí á fi epo pa ọwọ́ kí á tó fọwọ́ kàn án, kí á sì sè é kọjá ibi tí a rò pé ó ti jinná, títí tí yóò fi máa fọ́ fúnra rẹ̀ lórí ṣíbí. Bàbá kan tí a jọ ṣínu lọ́jọ́ náà ṣì ń pè mí ní Àlàájà Kókò títí di òní.

Ẹ̀gẹ́ ni n kò fi ṣeré rí. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ sun ún bí ọ̀dùnkún, mo sì kọ̀ jálẹ̀, nítorí èyí tó korò nínú rẹ̀ ní oró sáyánáìdì tó lè pa ènìyàn. Bí mo bá fẹ́ láfún, mo máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, títí tí yóò fi rọ̀ tí omi rẹ̀ yóò sì kan, kí n tó sá a.

Ewùrà ni ó wá tẹ́ èmi àti ọmọ náà lọ́rùn jù lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan pé kí ni a fi ń mú òjòjò dì pọ̀ láìlo ẹyin, nítorí òun ti gbìyànjú láti ṣe irú àkàrà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tọ́nìpù àti kárọ́ọ̀tì rírin nílé, ó sì ń fọ́ sínú òróró. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́nu mọ́, nítorí pé ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń fi ẹyin sínú òjòjò, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìyá mi kò fi ẹyin sí i rí láyé rẹ̀. Mo rin ewùrà kan, mo yọ ẹyin kúrò nínú ọ̀rọ̀, mo sì fi ọwọ́ pò ó bí mo ṣe rí i kí ìyá mi máa ṣe, títí tí yíyọ̀ rẹ̀ fi gba afẹ́fẹ́ sínú tí ó sì wú. Mo fi ata rodo, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, n kò fi omi kankan sí i, mo sì ń fi ìka já a sínú òróró gbígbóná. Ó dì, ó fúyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún lẹ́nu. Ìyẹn ni a fi ń ṣínu títí ààwẹ̀ fi parí, a sì wá ń rin kárọ́ọ̀tì àti tọ́nìpù tí a ti fún omi rẹ̀ dànù mọ́ ewùrà náà, ìdá kan nínú mẹ́rin, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo wo ohun tí a ń jẹ lálẹ́ kan: ẹ̀kọ, àkàrà, òjòjò, béske tí ìyàwó ilé kejì dín. Kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí wàrà màlúù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tí ọmọ tó ti òkè òkun dé kọ́ wa nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra níta. Béske láti inú sóyà ni, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń dín in nínú òróró tí wọ́n ti fi dín ẹja, mọ́ínmọ́ín ọjà náà kì í sì í ṣàìní ẹyin tàbí edé nínú.

Mo rí i pé ó ń lo oògùn kan láràárọ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé àìsàn ni ó ń fi pamọ́ fún mi. Fítámì B12 ni. Gbòǹgbò, ewé àti ẹ̀wà kò ní in, inú ẹran, ẹyin àti mílíìkì ni ó wà, nítorí náà ẹni tó bá ti fi gbogbo wọn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá a gba ọ̀nà mìíràn. Bákan náà, oúnjẹ afúnnilágbára ni gbòǹgbò, wọn kì í mú ara dàgbà tó bó ti yẹ, ìdí nìyí tí n kì í fi í gbé iṣu tàbí ọ̀dùnkún fún un láìsí ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà tàbí ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo sì máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹ̀fọ́, kí ara lè gba èròjà irin inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ayọ́ọ̀nù.

Ọjọ́ ọdún ìtunu ààwẹ̀ ni gbogbo ẹbí pàdé nílé ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò ṣẹlẹ̀, mo sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀pà olótọ́nìpù dání. Nígbà tí ọmọ náà kọ itan adìyẹ, ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláàlì di èèwọ̀ fún ọ?" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, n kò pè é ní hàráàmù o. Mo kàn yàn láti má jẹ ẹ́ ni, bí ẹ̀yin náà kì í ti í jẹ ilá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni, Bàbá kò fẹ́ rí ilá sójú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó bù nínú ọbẹ̀ mi, ó fi itan adìyẹ ọwọ́ rẹ̀ kàn án, ó jẹ ẹ́, ó sì ní ọbẹ̀ náà dára gan-an, pé ohun tó kù tí kò fi pé kò ju ẹran lọ.

Ọmọ náà ti padà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó pè mí lórí fóònù pé òun rí ewùrà rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilẹ̀ wa kan lọ́hùn-ún, òun ti rin ín, òun sì ti fi ẹ̀rọ lọ ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ nínú òróró. Mo béèrè ohun tí ó fi pò ó. Ó ní ẹ̀rọ náà ni. Mo ní kí ó gbé ẹ̀rọ sọ́wọ́ kan, kí ó rin òmíràn, kí ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kí ó sì fi ọwọ́ pò ó títí apá yóò fi máa ro ó. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ìṣẹ́jú mélòó?" Mo ní n kò ka ìṣẹ́jú rí, bí apá bá ti ń ro ó, kí ó tún pò ó díẹ̀ sí i.